Ìgò Oyin Ọwọ́ Jerica

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí àṣírí ẹlòmíràn wà níkàáwọ́ rẹ̀.

1.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni Jerica Vodopivec fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ljubljana tó ń ṣírò bí àwọn ará ìlú ṣe ń gbé. Òun ló wà nídìí ètò tí àwọn olùwádìí fi ń jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń wo àkọsílẹ̀ nípa àwọn ará ìlú lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á rí i, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè mú un lọ. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Ìlà tí èèyàn inú rẹ̀ kò bá tó mẹ́ta kò sì gbọ́dọ̀ jáde rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó jẹ́. Jerica ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin yìí.

2.
Àwọn àlejò fẹ́ wá láti Estonia láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Blaž, ẹ̀gbọ́n Jerica, tó ń sin oyin ní abúlé wọn ní Podvrhek, gbọ́.

"Jerica, kọfí lásán lo fẹ́ gbé fún àlejò? Kí wọ́n lọ máa sọ pé ilé wa ti gbẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí oyin yín bá ti dé, ọ̀rọ̀ ti parí."

Blaž fi ìgò oyin mẹ́fà ránṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ àti ti abúlé wọn wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan.

3.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò máa dé, Urška, ọmọ iṣẹ́ Jerica, ti tẹ́ àkọsílẹ̀ àròsọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi han àlejò.

"Èyí?" Jerica yọ ṣùtì. "Wọ́n á rò pé jẹ́léósinmi ni wọ́n wá."

"Àǹtí, òfin ńkọ́?"

"Ta ló kọ òfin náà, Urška?"

Jerica ṣí àkọsílẹ̀ gidi, ó sì mú Podvrhek, torí ibẹ̀ ló mọ̀ jù. Ìlà kan wà níbẹ̀: ọkùnrin, asinoyin, tó ti gbàtọ́jú rí nítorí ọtí. Iye wọn: ọ̀kan. Jerica ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ láìmọye, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àlejò dé, wọ́n ń lá oyin, wọ́n ń pọ́nnu lá. Kaarel, olórí wọn, yọ fóònù. "Màdámú, ẹ gbé ìgò yẹn sókè, kí ìyàwó mi rí i!"

Jerica gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, ìlà yẹn sì wà lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ojú kọ̀ǹpútà!"

"Fara balẹ̀ jàre. Kò sí orúkọ níbẹ̀."

Orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

4.
Kaarel fi fọ́tò náà sínú ìròyìn ìrìn àjò wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi dé Podvrhek. Asinoyin kan ṣoṣo ló wà ní abúlé yẹn.

Blaž pè. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ọdún mẹ́jọ nìyí tí mi ò ti fẹnu kan ọtí, Jerica."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wa nígbà náà pé orúnkún yín lẹ lọ tọ́jú níbi omi gbígbóná tí wọ́n ti ń wẹ fún ìwòsàn! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ọmọbìnrin tí ọ́fíìsì yín rán wá bi wá ní ìbéèrè ní kí n sọ òótọ́, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo gbà á gbọ́, torí pé ibẹ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n yọ Jerica nípò. Wọ́n ti ètò tó fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ pa. Àwọn òbí kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ kọ́ṣẹ́ oyin lọ́dọ̀ Blaž mọ́. Nígbà tí àwọn abèèrè ọ́fíìsì náà padà lọ sí Podvrhek, nínú ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta, mẹ́sàn-án péré ló ṣílẹ̀kùn.

Nígbà Àjíǹde, Jerica gbé àkàrà òyìnbó tí ìyá wọn kọ́ ọ lọ sílé Blaž. Ẹnu géètì ni Blaž ti gbà á. "O ṣé," ló wí, ó sì pa géètì dé.

Ẹ̀yin tí wọ́n fọkàn tán, ẹ gbọ́: ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe fújà níwájú àlejò, kódà kí ó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ òfin rẹ̀. "Ọ̀kan" tí ẹ rí nínú ìwé yẹn, èèyàn ni. Ó ní ilé, ó ní àbúrò, ó sì lè jẹ́ tìtorí yín ló ṣe sọ òótọ́.