Agbádá Lórí Kẹ̀kẹ́ Eré Ìje

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣojú mi. Ní ìlú Ṣakí, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti máa ń fẹ́ bí ẹni tí ń bínú, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Oyèkànmí ni olórí wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ìyìn nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Bí o bá sọ ibi tó kù sí fún un, o ti di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn.

Ìdíje ìpínlẹ̀ ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà sì lè rán lọ. Oníṣòwò kan yá wọn ní ẹ̀rọ kékeré méjì, dúdú kan, funfun kan, ó ní kí wọ́n dán wọn wò, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n sì dá èkejì padà tó bá yá. Iwájú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń so ẹ̀rọ náà mọ́. Ó ní ihò tíńtín kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì máa ń fi nọ́ńbà sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fa ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn tó. Bí nọ́ńbà bá pọ̀, afẹ́fẹ́ ń dá ọ dúró. Bí ó bá kéré, ò ń là á kọjá wẹ́rẹ́.

Oyèkànmí kọ́kọ́ gbé dúdú sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbórí sókè, nọ́ńbà á pọ̀. Bí ó bá na ìgúnpá síta, á tún pọ̀ sí i. Ó ní ẹ̀rọ náà ń bú òun. Nígbà tó gbé funfun sí i, nọ́ńbà kékeré ló ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Màmá Adéòtí ló ń kọ́ wọn, òun náà ti fi kẹ̀kẹ́ díje nígbà èwe rẹ̀. Ó ní, "Má tíì yàn, Oyèkànmí. Wọ agbádá, kí o fi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gun kẹ̀kẹ́ lọ, kí o sì padà wá. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé agbádá ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tí kò bá rí agbádá lára ẹ, kí ló fẹ́ rí?"

"Màmá, ẹ dákun. Kí n wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ ní títì, kí àwọn ará Ṣakí máa sọ pé orí mi ti dàrú? Èyí funfun mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó mọ̀ mí."

"Ó mọ̀ ẹ́ ni, àbí ó ń wá ojúure ẹ?"

Oyèkànmí ni olórí, ó sì mú funfun. Ìbídùn, ọmọbìnrin tí gbogbo wọn máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ náà, ló tọrọ dúdú títí oníṣòwò á fi wá gbà á.

Ẹ̀rọ dúdú yẹn ò ṣàánú Ìbídùn rárá. Mo rí i níjọ́ kan tó ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ tirẹ̀: ó pa aṣọ tó fẹ̀ tì, ó kó ìgúnpá wọlé, ó tẹrí ba, nọ́ńbà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Oyèkànmí ní tirẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Kí ló fẹ́ yí padà, nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ti dára? Ó tiẹ̀ tún wá ń jókòó nàró lórí kẹ̀kẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ẹgbẹ́ máa rán lọ pé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá gùn ún, èmi ni mo sì di aago mú. Afẹ́fẹ́ dojú kọ wọ́n gan-an. Nígbà tí Ìbídùn dé, mo wo aago, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún wò ó. Ó ti fi Oyèkànmí sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo kéde rẹ̀, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"Aago yẹn ò dáa," ni Oyèkànmí wí. "Ẹ wo nọ́ńbà mi. Afẹ́fẹ́ ò mú mi rárá."

Màmá Adéòtí kò bá a jiyàn. Ó yọ agbádá kan nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí i. Oyèkànmí fi ìbínú wọ̀ ọ́, ó sì kọrí sínú afẹ́fẹ́. Agbádá fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, díẹ̀ ló kù kó fà á ṣubú. Nígbà tó fi padà dé, agbára káká ló fi ń mí. A sáré lọ wo ẹ̀rọ funfun. Nọ́ńbà kékeré yẹn náà ni. Kò yí padà rárá.

Ẹnu ya gbogbo wa. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná yọ nǹkan kan lẹ́nu ihò ẹ̀rọ náà: ọ̀rá kékeré tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi dí i láti ilé iṣẹ́ kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n ti yọ ti dúdú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí yọ ti funfun. Láti ọjọ́ tó ti dé Ṣakí, afẹ́fẹ́ kankan ò tíì wọ inú ẹ̀rọ tí Oyèkànmí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìbídùn ló lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó tú ká lọ́jọ́ yẹn, Oyèkànmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó sì pe ọmọbìnrin náà.

"Ìbídùn, jọ̀ọ́, kí ni mò ń ṣe tí ò dáa lórí kẹ̀kẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ díẹ̀ o."

"Sọ gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹ má fi ohun tó ń yìn yín ṣe òṣùwọ̀n ara yín láìkọ́kọ́ dán an wò. Ẹni tí kò lè rí àṣìṣe tó hàn gbangba lára yín, ìyìn rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.