Òbúkọ Jọba Lójú Ogun

Àlọ́ mi yìí, ìbínú ni mo fi ń pa á. Ẹkùn ń gbógun ti ìlú ewúrẹ́ nígbà tí Òbúkọ jọba. Ó ní ariwo Ajá tó ń bá wọn ṣọ́ odi ti pọ̀ jù. Ó lé e, ó fi Ìkookò rọ́pò rẹ̀. Ó tún ṣòfin: ewúrẹ́ tó bá ké, ọ̀tá ìlú ni.

Ìkookò gbé ọmọ abiyamọ kan jẹ. Abiyamọ lọ bá ọba: "Kábíyèsí, ọmọ mi dà?"

Òbúkọ ní, "Panu mọ́, ojú ogun la wà!"

Ìlú ń kọrin sínú:

Ìkookò ń jẹ wá o,
Ẹ má ké!
Ọmọ ń tán nílé o,
Ẹ má ké!

Nígbà tí ọmọ tán, Ìkookò ki Òbúkọ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Òbúkọ figbe ta: "Ẹ gbà mí o!"

Abiyamọ wò ó. "Kábíyèsí, ẹ panu mọ́. Ojú ogun la wà."