Ìbọn Abẹ́ Ẹ̀wù Verna

Ooru oṣù Keje nílùú Yuma kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ ẹ̀wù méjì sí, ṣùgbọ́n méjì ni Verna Stidham ń wọ̀, nítorí ìbọn pélébé tó wà lábẹ́ wọn.

Nígbà òtútù, kò ni ín lára. Jákẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó fura. Àfi ìgbà tí oòrùn dé, tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń jó èèyàn lọ́wọ́ láti àárọ̀, ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ àkọ̀ aláwọ tó fi so ó mọ́ ìbàdí. Awọ náà ń rùn. Ibi tó ti ń ha á lára sì bó. Ó gbé e sínú àpò ìfàlọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ìfàlọ́wọ́ kì í pẹ́ tí èèyàn fi ń gbé e kalẹ̀, ló bá dá a padà sára.

Royce Caudill ló wá tọ̀ lọ. Àkọ̀ ìbọn àti bẹ́líìtì ni Royce ń tà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Ó ní awọ kọ́ ni wọ́n ń lò lásìkò yìí. Ó mú ọ̀já onírọ́bà fífẹ̀ kan jáde, tó ní àpò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí Verna kọ́kọ́ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa mu òógùn, kó di ọ̀já lé e, kó wá wọ ẹ̀wù olódòdó tó gbà á láyè sókè, torí aṣọ tí kò ní ọnà máa ń tú àṣírí. Ó ní kó má máa fọwọ́ kàn án ṣáá. Bí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúnkún ni kó tẹ̀, kó má tẹ ìbàdí.

Verna gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá béèrè ohun kan.

"Bí ẹnì kan bá dì mọ́ mi, ṣé ọwọ́ ẹ̀ máa bà á?"

Royce gbé ọ̀já náà kalẹ̀.

"Ẹni tó fẹ́ dì mọ́ yín yẹn ńkọ́, mà? Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀?"

"Ìwọ ò tíì dá mi lóhùn."

Royce gbé ọ̀já náà sókè dé abẹ́ ọmú, ó ní níbẹ̀ yẹn, kò dájú pé ọwọ́ á bà á. Ó ní òun lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń fà á yọ kíá. Verna ní òun ò nílò kó yá. Royce béèrè irú ọta tí Verna ń lò, Verna ní òun ò ra ọta. Royce ní ìbọn náà wúwo jù fún àgbàlagbà, pé kó tà á fún òun, kó fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ìyá náà mi orí. Ó ní kì í ṣe tòun láti tà, àti pé bí ẹni tó ni ín bá béèrè rẹ̀, òun gbọ́dọ̀ lè fi hàn. Royce ò bi í mọ́. Àwọn obìnrin tó ń sá fún ọkùnrin ti wá síbẹ̀ rí, ó sì mọ bí ẹnu wọn ṣe máa ń wúwo tó.

Ọ̀já náà dára, àmọ́ ooru ò yé jẹ́ ooru. Verna ń dì í láti ìgbà tó bá jí títí ó fi máa sùn, nínú ilé pàápàá. Bó bá fẹ́ wẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á gbé ìbọn náà sétí ibi tó ti ń wẹ̀. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í kí èèyàn kí wọ́n má dì mọ́ ọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń pè é lórí fóònù. Nígbà tó yá, wọn ò pè mọ́. Loretta àbúrò rẹ̀ pè láti ìlú Tulsa pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé yàrá wà. Verna ní kò tíì ṣeé ṣe. Loretta bi í pé ìgbà wo ló bá èèyàn rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Verna ní òun ò gbọ́ ọ dáadáa, pé fóònù ń ṣe ségesège.

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ nínú ilé ìtajà, nídìí ibi tí wọ́n to bàrà sí. Royce tó wá ra omi dídì ló gbá a mú. Obìnrin kan fẹ́ tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Verna di ọwọ́ Royce mú, ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n tú u. Royce bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n sún sẹ́yìn, ó fún un lómi tútù, nígbà tó sì lè dìde, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ń lé yín fún mi, mà," ni Royce wí lójú ọ̀nà. "Mo mọ àwọn ọlọ́pàá tó máa lọ bá a sọ̀rọ̀."

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Royce."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń sọ."

Verna kọjú sí oko ewébẹ̀ létúùsì tó ṣófo lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò ó lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ó ní, "Má sọ̀kalẹ̀. Jọ̀ọ́."

Verna ò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé tó fi ṣí. Bàbá gíga kan jáde wá, ó ya irun rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì lọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kó gún. Ó dì mọ́ Verna, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lára, ìbàdí, ẹ̀yìn, àpò, bí ọlọ́pàá ṣe ń tú ọ̀daràn. Verna dúró gbagidi, ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Royce ti sọ̀kalẹ̀, ó ti fọwọ́ kan ìbọn tó wà ní ìbàdí tirẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ni Dale Stidham wí fún ìyàwó tó ti fẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, bó ṣe ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ìbọn mi ni mò ń wá, torí obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń sùn lórí ibùsùn wa lálaalẹ́, mo sì fẹ́ fi pa á kí Verna mi tó dé."