Àwọn Orúkọ Tí Àmì Àyọlò Gbé Mì

Ọjọ́ kejì tí àwọn dókítà ojú kúrò ní ìlú Iloilo, ní Philippines, ni ìròyìn dé láti erékùṣù Guimaras sí etí aṣètò kọ̀ǹpútà kan tó ń bójú tó àkójọ orúkọ àwọn aláìsàn. Àgbàlagbà mẹ́rìndínlógún ni kò rí iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́, nítorí pé orúkọ wọn kò jáde. Ìyá rẹ̀ wà lára wọn.

Ó ṣí àkójọ orúkọ. Láàárín àmì àyọlò méjì ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ìnagijẹ sí níbẹ̀. Ẹnìkan ṣí àmì níwájú ìnagijẹ kan, Pilong, kò sì pa á dé. Ètò tó ń pín orúkọ wá ka gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo, títí ó fi kan àmì mìíràn.

Ó lọ bá Delfin, ẹni tó yẹ àkójọ náà wò kẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n Delfin, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́?"

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí ná? Ẹ̀rọ ló ya wèrè, àbúrò."

Aṣètò náà ṣí àkọsílẹ̀ àtúnṣe, tó ń fi ẹni tó yí nǹkan padà hàn. Lọ́jọ́ Ajé, Delfin ti pa àmì náà dé, àmọ́ kì í ṣe lẹ́yìn Pilong. Ẹ̀yìn ẹni kẹrìndínlógún ló fi í sí, níwájú orúkọ ìyá Delfin fúnra rẹ̀.

"Màmá yín ti ń ríran báyìí, àbí?"

Delfin wolẹ̀. "Àyè ò tó. Tí gbogbo wọn bá jáde, kò ní kan màmá mi."

"Mò ń gbé àkọsílẹ̀ yìí lọ bá olórí àdúgbò," aṣètò náà ní. "Màá sọ pé ẹ̀yin lẹ pa àmì náà dé síbẹ̀, àti pé èmi ni mi ò tún àkójọ náà wò."