Wàràkàṣì Tí Kò Dé

Wàràkàṣì oníyọ̀, èyí tó máa ń rún wómúwómú lọ́wọ́, kò dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Páì ẹ̀fọ́ ogójì sì gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nínú ilé ìdáná náà, alásè kì í pààrọ̀ ohunkóhun kí Ìyá Atọ́wò má tọ́ ọ wò. Tó bá gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ di títà. Tí kò bá gbá a, alásè á bọ́ aṣọ ìdáná, ó di ilé. Àwọn mẹ́ta ti lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Alásè tó kù ní ọmọ méjì, ọkọ rẹ̀ kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́.

Wàràkàṣì pupa ló kọ́kọ́ dán wò. Bí iná ṣe kàn án, ó yọ́, ó ń fà bí okùn. Ó mú èyí tí wọ́n máa ń rin sórí oúnjẹ; ìyẹn ní iyọ̀, àmọ́ ó gbẹ hau. Ó wá di wàrà tútù sínú aṣọ, ó gbé ìkòkò omi lé e títí omi rẹ̀ fi ro tán, ó rún un, ó fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi yan páì kan.

“O ti ń làágùn ju ààrò lọ,” ni obìnrin tó ń fọ abọ́ wí.

“Jọ̀ọ́, tọ́ ọ wò. Ṣé ó jọ ti àná?”

“Lẹ́nu èmi tí mò ń jẹ àjẹkù? Gbogbo rẹ̀ ló dùn, jàre!”

Ìyá Atọ́wò wọlé, ó jókòó.

“Wọ́n ní wàràkàṣì kò dé. Kí lo fi rọ́pò rẹ̀?”

“Wàrà tútù ni, mà. Mo fún un gbẹ.”

“Iyọ̀ ńkọ́?”

“Ṣíbí méjì, mà.”

“Kíkan rẹ̀ ńkọ́?”

“Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi sí i, mà.”

Ìyá Atọ́wò bu páì sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ojú alásè ló ń wò, kò wo àwo.

“Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Báwo lo ṣe rí i?”

“Mo rò pé ó dáa, mà.”

“O rò ni, àbí o mọ̀?”

“Mo mọ̀, mà.”

Ìyá Atọ́wò tún bù ú jẹ. Òógùn yọ lórí ètè rẹ̀. Ilé ìdáná kúkú máa ń móoru. Ó wá gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde.

Alásè kó páì yòókù sínú ààrò.

Ìyá Atọ́wò kọjá sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sẹ́nu bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti oṣù méjì tí ibà ti dá a dùbúlẹ̀, ó dúró kí ahọ́n rẹ̀ mọ iyọ̀, ó dúró, àfi bí ẹni bu iyanrìn sẹ́nu.