Faiawọ́ọ̀lù Tuntun àti Irọ́ Kékeré Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń tún nǹkan ṣe nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

1.

Obìnrin kan wà tó máa ń ka ìwé sórí ẹ̀rọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Inú yàrá kékeré kan nílé rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ńlá tó fi ń ṣiṣẹ́ wà. Bó bá rìnrìn àjò, á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn láti orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tó wà nílé.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ká sọ òótọ́, ọmọ náà já fáfá.

Ẹ̀gbọ́n lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbé ọmọ. Kò tíì débẹ̀ dáadáa tí àbúrò fi gbé ráútà tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, sílé. Ráútà náà ní faiawọ́ọ̀lù, ìyẹn ògiri tó ń yan ẹni tó lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọ̀gbẹ́ni ti gbogbo ilẹ̀kùn pa. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kí olè wá, kí n rí i!" Kò rántí pé ẹ̀gbọ́n òun náà ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

2.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n fẹ́ wọlé kó parí orí tó kẹ́yìn nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà máa ṣèdánwò lé lórí lọ́jọ́ kejì. Kò rí ọ̀nà wọlé. Ó pe ilé.

"Àbúrò, kọ̀ǹpútà mi ò gbà mí wọlé. Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan kan?"

Àbúrò rántí ráútà tuntun tó gbé sílé. Ó mọ̀ pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ìgbéraga dí i lẹ́nu.

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín ni."

Ẹ gbọ́ irọ́! Ó rò pé òun á yára tún un ṣe kí wọ́n tó mọ̀. Ó ṣí tibí, ó ti tọ̀hún, títí òun fúnra rẹ̀ ò fi mọ ohun tó ti ṣe mọ́. Obìnrin yìí gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ léjìká, ó ń pa láptọ́ọ̀pù, ó ń tàn án, ó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ó lọ yá íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọ̀sán pọ́n.

3.

Níkẹyìn, ó jókòó, ó tún pe ilé.

"Ká má méfò mọ́. Ìwọ tó wà nílé, ṣé kọ̀ǹpútà mi ń dá ọ lóhùn?"

"Ó ń dáhùn, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Yọ fóònù rẹ kúrò lórí wáífáì ilé, fi dátà tìẹ wọlé bí ẹni tó wà níta."

Ó gbìyànjú. Kò wọlé.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹnu ọ̀nà ilé ni. Kí lo yí padà níbẹ̀?"

Kò pariwo o. Ohùn tó fi ń kàwé fọ́mọdé ló fi béèrè. Omi bọ́ lójú Kò-Sí-Wàhálà.

"Ẹ dárí jì mí. Ráútà tuntun ni mo gbé síbẹ̀. Mo ti gbogbo rẹ̀ pa."

"O ṣeun tó o sọ ọ́. A máa sọ̀rọ̀ irọ́ yẹn tó bá yá."

"Ṣé kí n kúkú pa faiawọ́ọ̀lù náà?"

"Rárá! Ṣé torí pé mo fẹ́ wọlé lo ṣe máa wó ògiri? Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kó o ṣí, kó gba èmi nìkan."

Ó ṣí i. Kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ọwọ́ ti ń yún un láti yí nǹkan mìíràn.

"Dúró! Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ka nọ́ńbà àdírẹ́sì tí ráútà tuntun fún kọ̀ǹpútà mi."

Ó kà á. Ráútà ti fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tuntun, ilẹ̀kùn tó ṣí sì ń darí Ẹ̀gbọ́n sí nọ́ńbà àtijọ́, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó tún un ṣe. Lójú ẹsẹ̀, Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ẹ bá mi yin obìnrin yìí! Ká ní èmi ni, mi ò bá ti figbe da gbogbo àdúgbò rú.

4.

Ẹ̀gbọ́n parí iṣẹ́, ó fi ránṣẹ́, ó pe ọ̀gá ilé ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sì mú àbúrò rẹ̀ wọnú ìpè náà.

"Ẹ má bínú, mà. Láti ilé wa ni àṣìṣe ti wá."

"Èmi ni, mà," ni àbúrò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo bà á jẹ́, mo tún purọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Àwọn tó ń sùn nílé ìwé á gbọ́ orí ìwé náà lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti gbé àwọn tó kù lọ sílé. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń retí yín. Kí ni kí n sọ fún wọn lọ́la?"



Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Faiawọ́ọ̀lù yẹn ò ju àtúnṣe díẹ̀ lọ. Irọ́ ló jẹ ọjọ́ náà mọ́ àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan padà, ẹ dán an wò láti ìta. Tó bá sì bà jẹ́, ẹ yára sọ pé, "Èmi ni mo fọwọ́ kàn án." Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọlọ́gbọ́n ẹ̀rọ ilé yín.