Ohùn Ẹkùn Ilé-Iṣẹ́ Fídíò

"Ẹ tàn án, ká gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù," ni ọ̀gá wí.

Ayàwòrán ilé-iṣẹ́ fídíò náà tẹ bọ́tìnì. Òun ló ya ẹkùn tó máa ń ṣíwájú gbogbo fíìmù wọn. Látijọ́, ẹkùn náà kàn jókòó bí ère ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ọ̀gá wá ní dandan ni kó bú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ayàwòrán wáṣẹ́ lọ síbòmíì. Ayàwòrán wá ohùn ẹkùn títí, kò rí. Ló bá gbé rẹ́kọ́dà sórí ibùsùn, torí lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń hanrun bí ìyàwó òun. Òun náà sì sùn lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi ohùn tó gbà sílẹ̀ sẹ́nu ẹkùn.

Ẹkùn la ẹnu lórí tẹlifíṣọ̀n. Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n.

"Ẹkùn gidi rèé!" ni ọ̀gá pariwo. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Àṣírí iṣẹ́ ni, sà."

Ohùn obìnrin kan bá jáde látinú tẹlifíṣọ̀n: "Bàbá Ìbejì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ jẹ́ n sùn!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sí ayàwòrán, bàbá àwọn ìbejì.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹkùn pa ẹnu dé, ó sì rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.